Ìròyìn Tí À Ń Gbé Bọ̀ Láti Àpérò

Ìmọ̀ iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù kì í pẹ́ gbó lọ́wọ́ ẹni. Ohun tí èèyàn mọ̀ dunjú lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, apá kan rẹ̀ ti di ìgbàgbé lónìí: bráwúsà ti yí padà, irinṣẹ́ ti pààrọ̀, oníbàárà tó ń fi kọ̀ǹpútà wo ojú ìwé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, fóònù ló ń fi wò ó báyìí láàárín ọjà Tọ̀kpá ní Kútọnu. Ìwé àlàyé pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì ń kà á lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí níbi tí mo ti kọ́ ohun tó wọ̀ mí lára jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, n ó ní àpérò ni, àti ọjọ́ tí mo ti àpérò dé, tí mo jókòó ti àwọn tí kò rí àyè lọ. Mo fẹ́ràn méjèèjì, àmọ́ èkejì ni mo fẹ́ràn jù, òun sì ni àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Inú àpérò ni iṣẹ́ wa fúnra rẹ̀ ti dàgbà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1994, èèyàn bí 380 pé jọ sí CERN ní Geneva, níbi tí Tim Berners-Lee ti ń ṣiṣẹ́, fún àpérò wẹ́ẹ̀bù àgbáyé àkọ́kọ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n tún pàdé ní Chicago, níbi tí Håkon Wium Lie, ará Norway, ti gbé àbá CSS wá. Gbogbo àwọ̀, gbogbo àlàfo, gbogbo lẹ́tà ńlá àti kékeré tí mo ń tò sójú ìwé lónìí, inú àbá tí ẹnì kan gbé síwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní Berlin lọ́dún 2009, Ryan Dahl fi Node.js, irinṣẹ́ JavaScript kan, han àwọn tó wá sí JSConf EU, wọ́n sì dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Ní 2018, ó padà síwájú àpérò yẹn ní Berlin, ó ka àwọn ohun tó ń dùn ún nípa Node tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀, ó sì fi Deno, irinṣẹ́ tuntun rẹ̀, hàn wọ́n. Fídíò ọ̀rọ̀ kejì yìí ni mo máa ń ní kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kọ́kọ́ wò. Wọ́n á rí i pé ẹni tó ṣe ohun tí gbogbo ayé ń lò lè dúró ní gbangba, kó tọ́ka síbi tó kù sí, kí àwọn tó ń gbọ́ sì bá a rò ó. Bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ìwé àlàyé máa ń sọ. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, àti ohun tí wọ́n ì bá ṣe ká ní wọ́n tún rí àyè, ẹnu ẹni tó ṣe é la ti ń gbọ́ ọ.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà ti ń là. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, àpérò PyCon Africa wáyé fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Accra. Láti Kútọnu, mọ́tò ń gbé èèyàn débẹ̀: ká gba Ouidah àti Grand-Popo, ká kọjá ẹnubodè Hilla-Condji, ká la Lomé já, ká wọ Gánà ní Aflao. Ọmọ ECOWAS kò nílò físà. Èkó ló tún sún mọ́ wa jù, ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ nìkan ló wà láàárín. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ kan náà ni Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ pa, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, nígbà tí kòrónà ti dé sáàárín. Gbogbo àwa tí à ń ṣe wọlé-wọ̀de Èkó mọ ohun tí àkókò yẹn gbà lọ́wọ́ wa. Ní Kútọnu níbí, ẹgbẹ́ GDG Cotonou ń ṣe àpérò DevFest. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ IFRI láti Yunifásítì Abomey-Calavi ń wá, àwọn ti Epitech ní Sèmè City ń wá, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tàbí ní BloLab náà ń wá.

Síbẹ̀, àwọn tí kò lè lọ ló pọ̀ jù. Owó mọ́tò wà, iṣẹ́ oníbàárà wà, ọmọ wà nílé. Òótọ́ ni pé fídíò àpérò wà lórí YouTube, ṣùgbọ́n mẹ́gà ni fídíò ń jẹ. Ta ló lè gbàgbé ọdún 2018 ní Benin, nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n máa gba 5 FCFA lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá fi lo Facebook, WhatsApp àti irú wọn? Àwọn èèyàn fi #TaxePasMesMo ké gbàjarè, wọ́n sì fagi lé e nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Owó-orí yẹn ti lọ, ṣùgbọ́n a ṣì ń ṣírò mẹ́gà. Nítorí náà, ẹni tó bá rí àyè lọ sí àpérò, ó lọ ní orúkọ àwọn tó kù ni. Ojú ìwé kan tí mo bá fi Faransé kọ, tí mo sì fi Fọ̀n àti Yorùbá là á yé wọn lẹ́nu, ń ṣe wọ́n láǹfààní ju fídíò wákàtí kan lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Àjò kì í dùn kí onílé má rèlé, ẹni tó bá sì mọ̀ pé òun yóò ròyìn nílé, etí rẹ̀ máa ń yàtọ̀. N kì í da sláìdì kọ, torí wọ́n á fi í ránṣẹ́ bó bá yá. Ohun tí kò ní sí nínú sláìdì ni mò ń kọ: ibi tí olùsọ̀rọ̀ ti dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, ohun tó tẹ̀ nígbà tí kóòdù rẹ̀ kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, orúkọ irinṣẹ́ kan tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè àwọn tó jókòó, odindi ni mò ń kọ wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kí n tó sùn, n ó tẹ kóòdù náà fúnra mi. Èyí tí kò bá ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mi, bí ìbéèrè ni n ó gbé e wálé. Bẹ́ẹ̀ ni n kì í kó gbogbo àpérò wálé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún ni mò ń mú. Inú mi kì í dùn sí àwọn tó ń ròyìn ọ̀rọ̀ mẹ́wàá nínú wákàtí kan, nítorí àwọn tó ń gbọ́ wọn kì í rí ọ̀kankan lò nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan wá. Ní àpérò kan ní Yaba, l'Ékòó, obìnrin kan sọ̀rọ̀ lórí kíkọ Yorùbá sínú kọ̀ǹpútà. Ó kọ lẹ́tà "ẹ́" sójú ògiri lẹ́ẹ̀mẹta. Lójú gbogbo wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ó ní kí JavaScript fi wọ́n wéra, JavaScript ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú Unicode, "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9, ṣùgbọ́n "ẹ́" tó ní àmì ohùn lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó ń jẹ́ tirẹ̀. Ṣe la ń tò ó pọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kan á tẹ "ẹ", á fi àmì òkè lé e. Òmíràn á tẹ "e" lásán, á fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, kó tó wá fi ti òkè. Òmíràn á mú "é" àwọn Faransé, á fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oníbàárà fi lè tẹ orúkọ ara rẹ̀ sínú àpótí ìwákiri, kí ẹ̀rọ sì ní òun kò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Oògùn rẹ̀ kò ju normalize("NFC") lọ, tó ti wà nínú JavaScript láti 2015. Yóò to gbogbo wọn sí ọ̀nà kan náà, kí a tó kó wọn pamọ́, àti kí a tó wá wọn.

Mo gbé e wálé. Lọ́sàn-án Sátidé kan, nínú yàrá kan ní Akpakpa ní Kútọnu, àwọn kan nínú àwọn tí kò rí àyè lọ ṣì ń jẹ àtásì wọn lọ́wọ́, mo ṣí Node, mo fi hàn wọ́n, ó ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin kan láti Kétu, ní Benin níbí, na ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ìwé tí bàbá mi fi ń kọ́ àwọn àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà nílé, kì í ṣe ẹ yìí ló wà nínú rẹ̀. ɛ ni. Ṣé NFC mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n?"

Kò mọ̀. Ní Benin, láti 1975 tí wọ́n ti ṣètò álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè, ɛ àti ɔ la fi ń kọ ohun tí ará Èkó ń kọ ní ẹ àti ọ. Sh la ń kọ fún ṣ, kp la ń kọ fún p. Lójú Unicode, lẹ́tà ọ̀tọ̀ gedegbe ni ɛ, U+025B, kò sì sí ohun tó so ó mọ́ ẹ. Ní Yaba, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀, nítorí kò kan ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kétu ni ìbéèrè náà ti gbọ́dọ̀ wá.

Àwa díẹ̀ jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. A kọ́kọ́ fi NFC to gbogbo rẹ̀, a wá kọ àtẹ kékeré kan: ɛ di ẹ, ɔ di ọ, sh di ṣ, kp di p. A fẹnu kò pé ìwákiri nìkan ni àtẹ yìí wà fún. Orúkọ èèyàn, bí olórúkọ ṣe kọ ọ́ ni yóò wà níbi tí a kó o pamọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì hàn lójú ìwé. Èyí kò ṣeé fi dúnàá-dúrà. Ibi tí a ti ń ṣe é ni ọ̀kan nínú wa ti rí i pé CLDR, àkójọ tí àwọn Unicode ń ṣe fún àwọn èdè ayé, ní Yorùbá Benin nínú lọ́tọ̀, tó ń jẹ́ yo-BJ. Ó ní kí Node fi yo-BJ kọ orúkọ ọjọ́ tí a wà. Orúkọ Àbámẹ́ta jáde tòun ti ɛ wa. Ariwo sọ nínú yàrá! Ẹnì kan ti jókòó níbì kan, ó ti tò ó lọ́jọ́ sí ọjọ́, oṣù sí oṣù, fún àwa tí a kò mọ̀ pé ó wà.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí obìnrin Yaba. Kò pẹ́ tó fi dáhùn: ó ti fi ɛ àti ɔ kún ọ̀rọ̀ tí yóò sọ ní àpérò mìíràn, ó sì ní ìbéèrè tirẹ̀ fún wa. Kí kp di p rọrùn. Bí a bá fẹ́ dá p padà sí kp ńkọ́, nígbà tí álífábẹ́ẹ̀tì Benin ní p lọ́tọ̀, tó ní kp lọ́tọ̀? A kò tíì rí i dáhùn. Mo ti bẹ bàbá ọmọbìnrin Kétu yẹn pé kí wọ́n wá bá wa jókòó ní Sátidé tó ń bọ̀, kí wọ́n kó àwọn ìwé wọn dání. Ọmọ wọn ni yóò ṣe ìròyìn lọ́jọ́ náà, èmi ni n ó máa kọ ìbéèrè.