Ìbẹ́pẹ Dúdú Nínú Kéèkì Ọdún

Bí Oṣù Kejìlá bá ti wọlé ní Lomé, àwọn ilé búrẹ́dì ńláńlá á bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ bûche, kéèkì oníkírímù tí àwọn Faransé ń ṣe bí ìtì igi. Ó dùn, ó sì wu ojú. Ṣùgbọ́n kéèkì eléso ni tèmi, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú wá sí Nàìjíríà àti Gánà, tí àwa Yorùbá kan tó fi Lomé ṣe ilé kò jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wa. Ibodè Aflao tó wọ Gánà kò sì jìnnà sí Assigamé, ọjà ńlá Lomé. Ohun tí wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀pọ̀ gbà pé inú ófìn ni kéèkì yìí ti ń dùn. Èmi ò gbà. Oṣù Kẹwàá ni tèmi ti ń bẹ̀rẹ̀, láti orí ìbẹ́pẹ dúdú. Èyí tó bá ti pọ́n á yọ́ dànù sínú omi ṣúgà, ṣùgbọ́n dúdú le, ó ń di ara rẹ̀ mú. Mo máa ń gé e wẹ́wẹ́, mo máa ń bọ̀ ọ́ lómi iyọ̀ díẹ̀ kí oje funfun ara rẹ̀ lè lọ. Omi ṣúgà ló kàn, ibẹ̀ sì ni sùúrù wà. Omi àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ṣàn. Bó bá ki jù, ṣúgà á fa omi ara ìbẹ́pẹ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, á sún kì, á sì le. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ni mò ń sẹ́ omi náà, tí mò ń fi ṣúgà díẹ̀ kún un, tí mò ń hó o, tí mò ń dà á padà. Díẹ̀díẹ̀ lomi ń jáde, díẹ̀díẹ̀ ni ṣúgà ń wọlé, títí ìbẹ́pẹ á fi mọ́ gaara tí ìmọ́lẹ̀ á máa gba inú rẹ̀ kọjá. Mo fẹ́ràn ọjọ́ yẹn ju ọjọ́ tí kéèkì jáde lọ. Ṣúgà yẹn kan náà ni kì í jẹ́ kó bu.

Ọ̀pẹ̀-òyìnbó tí mò ń lò ni èyí tí wọ́n ń pè ní pain de sucre níbí: bó tilẹ̀ pọ́n, èèpo rẹ̀ á ṣì tutù yọ̀yọ̀, inú rẹ̀ á funfun, kì í sì í kan. Inú ófìn tí iná rẹ̀ kéré ni mo ti ń gbẹ ẹ́, torí atẹ́gùn òkun kì í jẹ́ kí ohun tí a sá gbẹ dáadáa, ọyẹ́ kì í sì í tètè dé. Mo máa ń bọ èèpo ọsàn lẹ́ẹ̀mẹta kí kíkorò rẹ̀ lè lọ. Ata ilẹ̀, kànáfùrù àti kajú tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ sì wọnú sodabi, ọtí tí wọ́n ń pọn láti ara ẹmu, tí wọ́n ń pè ní ògógóró ní Nàìjíríà. Ọwọ́ ẹni tí mo mọ bó ṣe ń pọn ọn nìkan ni mo ti ń rà á. Àwọn kan ní rọ́ọ̀mù ló yẹ. Rọ́ọ̀mù dára, àmọ́ òórùn ẹmu tó fara sin nínú sodabi bá ọ̀pẹ̀-òyìnbó mu ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó kù kò gùn. Kílò èso kan sí fúláwà 300 gíráàmù, bọ́tà 250, ṣúgà 250, ẹyin márùn-ún, àti ṣúgà jíjó díẹ̀ tí yóò pa á láró. Pépà ìlọ́po méjì nínú agolo, ooru 150, wákàtí mẹ́ta. Ọmọ iṣẹ́ mi á ní, “Màmá, ṣé kí n fi iná kún un?” Rárá o. Kéèkì yìí nípọn; bí iná bá le, ẹ̀yìn á jó kí àárín tó jinná. Lẹ́yìn náà, mo máa ń dì í, mo sì ń ta sodabi sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí di Kérésì.

Mo ní àwọn aládùúgbò Mùsùlùmí tí ọdún kì í kọjá kí n má fi kéèkì ránṣẹ́ sí wọn. Tiwọn kò gbọ́dọ̀ fojú kan ọtí. Omi ọsàn gbígbóná ni mo ń rẹ èso wọn sí mọ́jú, abọ́ rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Kò lè pẹ́ nílẹ̀ bí ti ọlọ́tí, torí náà ọ̀sẹ̀ Kérésì gan-an ni mo ń yan án. Ó rọ̀ ju èkejì lọ, ọsàn sì ń ta sánsán lára rẹ̀, débi pé àwọn oníbàárà mi tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ti ń bèèrè tiwọn. Mo ti ń ra ọsàn kún ọsàn.