"To" Kì í Ṣe "Láti": Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà tí a Fi ń Kọ́ni ní Ọ̀rọ̀-ìṣe Aláìlásìkò Inú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

1.0 Ìfáàrà

Nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Yorùbá, àlàyé tí olùkọ́ máa ń ṣe lórí "to" tí ó bá ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe kò ju gbólóhùn kan lọ: "to" ni "láti". Akẹ́kọ̀ọ́ a há a sórí, òfin náà a sì bá a rìn dé ibì kan, nítorí pé "to go" ni "láti lọ", "to eat" sì ni "láti jẹ". Ìgbà tí ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ, ọ̀rọ̀-àpèjúwe tàbí ọ̀rọ̀-àpọ́nlé bá dara pọ̀ mọ́ irú ọ̀rọ̀-ìṣe aláìlásìkò bẹ́ẹ̀ ni òfin yìí máa ń já a kulẹ̀.

Ìpalára tí ó ń ṣe pín sí ọ̀nà méjì. Ó ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò tọ̀nà, kí ó sì pàdánù máàkì nínú ìdánwò. Ó tún ń ba Yorùbá jẹ́, nítorí pé ẹni tí ó ti gbà pé "láti" ni "to" yóò máa fi "láti" dí gbogbo àyè nígbà tí ó bá ń túmọ̀ ìwé tàbí ìròyìn. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí "to" nìkan ń dá ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ wúnrẹ̀n ni ó ń pín in ṣe nínú Yorùbá. Olùkọ́ tí ó bá mọ bí wọ́n ṣe pín in ni àlàyé rẹ̀ lè yé akẹ́kọ̀ọ́.

2.0 Ìpìlẹ̀ "to" àti "láti"

Àṣìṣe yìí kò ṣàìní ìdí, nítorí pé ní ìpìlẹ̀, àwọn wúnrẹ̀n méjèèjì jọra. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni "to". Ohun tí ó máa ń tẹ̀ lé e ni ẹ̀dà ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó gba àfòmọ́ ìparí bí ẹni pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni. Nígbà tí àfòmọ́ ìparí náà pa rẹ́, "to" ṣẹ́ kù sí iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe gẹ́gẹ́ bí àmì.

Ní ti Yorùbá, "ní" àti àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "àti-" ni ó para pọ̀ di "láti". "Àti-" ni ó ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti hàn nínú "Àtijẹ kò rọrùn lóde òní". Bí "ní" bá pàdé "àtilọ", fáwẹ́ẹ̀lì /i/ a di ìpajẹ, kọ́ńsónáǹtì /n/ a sì di /l/, bí "ní ọjà" ṣe ń di "lọ́jà" gan-an. Nítorí náà, ọ̀rọ̀-atọ́kùn àti ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó wà nínú "láti lọ" títí di òní.

Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-atọ́kùn "to" ṣì wà lọ́tọ̀, a sì máa ń rí i nínú "I look forward to seeing you". Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti kọ́ pé "láti" ni gbogbo "to" kò ní mọ ìyàtọ̀ yìí. "I look forward to see you" ni yóò kọ.

3.0 Nígbà tí ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ bá wà láàárín

Ẹ wo àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

1a. I want to go. / Mo fẹ́ lọ.
1b. I want him to go. / Mo fẹ́ kí ó lọ.
1d. They made him go. / Wọ́n mú kí ó lọ.
1e. Let him go. / Jẹ́ kí ó lọ.
1ẹ. I saw him fall. / Mo rí i tí ó ṣubú.

Kò sí "láti" nínú ọ̀kankan nínú ìtumọ̀ márààrún. Nínú 1a, olùwà kan náà ni ó fẹ́, òun náà ni yóò lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe kejì sì tẹ̀ lé èkíní láìsí alárinà. Nígbà tí ẹni tí yóò lọ bá yàtọ̀, Yorùbá a mú "kí" wá, a sì fi "ó" ṣe olùwà. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ a lo "him", ẹ̀dà tí ó wà fún àbọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni náà ni yóò ṣe iṣẹ́ lílọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá "kí ó" kiri inú Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń kọ "I want that he should go".

Àṣìṣe mìíràn tún fara hàn. "Fẹ́" àti "mú" jọ ń gba "kí" nínú Yorùbá, ṣùgbọ́n "want" ń gba "to" nígbà tí "make" kì í gbà á. Abájọ tí "They made him to go" fi wọ́pọ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì ti bá wí lórí èyí lè ṣe àṣejù sí òdìkejì, kí ó máa kọ "enable him do", àṣìlò tí ó gbajúmọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Nàìjíríà. "Enable", "allow" àti "force" kò gbọdọ̀ ṣàìní "to". Kódà "make" fúnra rẹ̀ a gba "to" padà bí a bá yí gbólóhùn náà sí "He was made to go". Kò sí ibi tí "láti" ti lè tan ìmọ́lẹ̀ sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí.

4.0 Nígbà tí ọ̀rọ̀-àpèjúwe bá ṣáájú

2a. He is eager to please. / Ó ń wù ú kí ó tẹ́ ènìyàn lọ́rùn.
2b. He is easy to please. / Kò ṣòroó tẹ́ lọ́rùn.
2d. The tea is too hot to drink. / Tíì náà gbóná kọjá mímu.
2e. It is hard for you to come. / Ó ṣòro fún ọ láti wá.
2ẹ. It is kind of you to come. / O ṣeun tí o wá.

Noam Chomsky ni ó sọ irú 2a àti 2b di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàárín àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ní àwọn ọdún 1960. Lójú, ìhun kan náà ni wọ́n. Ní ti ìtumọ̀, ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó fẹ́ tẹ́ ẹlòmíràn lọ́rùn nínú 2a, àwọn ẹlòmíràn ni yóò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn nínú 2b. Gẹ̀ẹ́sì fi ìyàtọ̀ náà pamọ́, ṣùgbọ́n ìhun méjì ni Yorùbá lò. Nínú 2b, fáwẹ́ẹ̀lì kékeré kan tí ó fara jọ èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó so ọ̀rọ̀ pọ̀, bí a ti rí i nínú "ó dùn-ún wò" àti "kò ṣe é jẹ". Ìhun yìí rẹwà, ó sì ṣe ṣókí, ṣùgbọ́n "láti" ti fẹ́ lé e kúrò nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Nínú 2d, ìyísódì wà nínú ìtumọ̀ "too" àti "to" láìsí "not" kankan: tíì náà kò ṣe é mu. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ "ó gbóná jù láti mu", gbogbo ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ti Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó to wọ́n.

Ìyàtọ̀ àárín 2e àti 2ẹ ni ó yẹ kí olùkọ́ fẹ́ràn jù. "Hard" ń ṣàpèjúwe wíwá náà, nítorí náà "for" ni ó gbà. "Kind" ń ṣàpèjúwe ẹni tí ó wá, nítorí náà "of" ni ó gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ "It is kind for you to come" lè rí ìrànlọ́wọ́ nínú Yorùbá tirẹ̀: kò sí ẹni tí ń sọ pé "O ṣeun láti wá". "Tí o wá" ni a ń sọ, nítorí pé ẹni náà ti wá ná. Bákan náà, "Inú mi dùn pé mo rí ọ" ni ó bá ètò Yorùbá mu jù fún "I am glad to see you", nítorí pé ojú ti rí ojú.

5.0 Nígbà tí ọ̀rọ̀-àpọ́nlé bá wọ àárín

Òfin kejì tí àwọn olùkọ́ máa ń tẹnu mọ́ ni pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ wọ àárín "to" àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Òfin yìí kò pẹ́ láyé tó bí wọ́n ṣe rò. Àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ọ̀rọ̀ sí àárín wọn láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún ó dín díẹ̀ sẹ́yìn. Ìwé tí Henry Alford tẹ̀ jáde ní ọdún 1864 wà lára ohun tí ó mú kí ìlòdì sí i gbilẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1926, H. W. Fowler ti ń bẹnu àtẹ́ lu àwọn tí ń ba gbólóhùn jẹ́ nítorí àtipa òfin náà mọ́.

3a. He decided quickly to sell the farm. / Ó tètè pinnu láti ta oko náà.
3b. He decided to quickly sell the farm. / Ó pinnu láti tètè ta oko náà.

Ìpinnu ni ó yá nínú 3a. Títa ni yóò yá nínú 3b. Bí olùkọ́ bá fagi lé 3b, tí ó sì fi 3a rọ́pò rẹ̀, ó ti yí ìtumọ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ sì ni Yorùbá kò rí ohun tí ó burú nínú "láti tètè ta". Àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá ọ̀rọ̀-àpọ́nlé tàbí ọ̀rọ̀-ìṣe ni "tètè", ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé "láti ta oko náà tètè". Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gbẹ̀yìn yóò lo "kíákíá", bí Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe lè sọ pé "to sell the farm quickly". Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ lò nínú ìdánwò níbi tí kò bá ti ní da ìtumọ̀ rú, nítorí àwọn olùyẹ̀wò tí wọ́n ṣì di òfin àtijọ́ mú.

6.0 Àbá àti ìkádìí

Ó yẹ kí àwọn olùkọ́-ọ̀la jáwọ́ nínú kíkọ́ni ní "to" ní òun nìkan. Kí wọ́n kọ́ni ní ọ̀rọ̀ tí ó gbé e dání: "want him to", "make him", "kind of you to", "hard for you to". Kí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ní lọ́kàn ní Yorùbá, kí ó sì wò ó bóyá "kí", "tí", "pé", "kọjá" tàbí "láti" ni ẹnu rẹ̀ mú wá. Èyí tí ó bá mú wá ni yóò tọ́ka sí ìtumọ̀ tí "to" gbé sínú.

Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá kọ́ ni ó ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà nínú ọ̀rọ̀ "to" yìí. Yorùbá tí wọ́n gé kúrú sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni ó ń ṣì í lọ́nà. Bí olùkọ́ bá lò ó ní kíkún, òun náà ni yóò mú un padà sójú ọ̀nà.