Ẹ Kú Ọwọ́ Lómi, Ẹ̀yin Ìyá Ìjọ

Láti Bódìjà dé Challenge ní Ìbàdàn, àwọn ìyá ìjọ ló ń jẹ́ kí ọdún dùn. Bí Ìkórè bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á ti ná ẹ̀wà àti ata ní ọjà Bódìjà. Wo bí wọ́n ṣe ń pọ́n mọ́ínmọ́ín: wọ́n á ká ewé eéran lé ara, wọ́n á ṣẹ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á bu ẹ̀wà lílọ̀ sí i, kò sì ní jò. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, àwọn Àgùdà kan a se frejon, ẹ̀wà alágbọn tí àwọn baba wọn gbé ti Bùràsíìlì dé Èkó. Àjíǹde àti Kérésì ní tiwọn, ìrẹsì ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Agbowó tí kò rówó ọkọ̀ lọ sílé a jẹ nínú oúnjẹ wọn, a yó. Ìfẹ́ tí à ń wàásù rẹ̀ nìyẹn.