Alàgbà Ọdẹ́gbàmí, Ẹ Jẹ́ Ká Rí Ìṣirò Náà

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ta ló tíì sọ̀rọ̀ jù lẹ́yìn tó bọ́ bàtà, a ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì: Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ni. Wọ́n ti ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ti ṣe ètò orí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n sì ti dá ilé iṣẹ́ rédíò eré ìdárayá sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, Eagle7 Sports, 103.7 FM. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ò tíì pé ogójì ọdún ò rí wọn gbá bọ́ọ̀lù rí. Ohùn wọn la mọ̀. Nítorí náà ohùn yẹn la fẹ́ yẹ̀ wò: kí ni wọ́n ti fi ṣe, kí ló sì kù tí à ń retí?

Ká kọ́kọ́ sọ ti ẹsẹ̀. Ọdún 1952 ni wọ́n bí wọn l'Ábẹ́òkúta, Jọ́ọ̀sì ni wọ́n dàgbà sí, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Pólì Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ Shooting Stars ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù fún láti 1970 títí di 1984. Ní 1976, ẹgbẹ́ náà gba ife àwọn olúborí ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ibùjókòó wọn, nọ́ńbà 7 sì wà lẹ́yìn wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta 1980, ní pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sílé Àlìjíríà ní ìṣẹ́jú kejì, wọ́n tún gbá òmíràn wọlé ní ìṣẹ́jú kejìlélógójì. Muda Lawal fi ẹ̀kẹta tì í lẹ́yìn tí wọ́n ti ìsinmi dé. Ayò 3 sí òdo. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Nàìjíríà máa gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ní àpapọ̀, ìdíje 46 ni wọ́n gbá fún Nàìjíríà, góòlù 23. Ẹ pín in: góòlù kan nínú ìdíje méjì-méjì, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sáré létí ìlà!

Rédíò ló sọ wọ́n di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Orúkọ ìnagijẹ wọn, “Mathematical”, ọ̀dọ̀ olóògbé Ernest Okonkwo ló ti wá, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Radio Nigeria tó máa ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù lórúkọ bí ẹni ń kì wọ́n. “Chairman” ni Christian Chukwu tó jẹ́ balógun ẹgbẹ́. “Chief Justice” ni Adokie Amiesimaka tó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Láyé ìgbà yẹn, etí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo bọ́ọ̀lù. Ohun tí Okonkwo bá sọ ni ẹsẹ̀ ṣe. Nígbà tó pe ẹnìkan ní Mathematical, ohun tí olùgbọ́ gbọ́ ni pé ọkùnrin yìí ti ṣírò igun, ó ti wọn ọ̀nà, ó ti mọ iye ìgbésẹ̀ tí difẹ́ńdà máa gbé kó tó dé, kí bọ́ọ̀lù tó kan ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá.

Ohun tó wú wa lórí jù nínú iṣẹ́ ẹnu àti kálàmù wọn ni ìjẹ́rìí. Ẹlòmíì tó bá gbá ayò méjì wọlé nínú àṣekágbá á fi ara rẹ̀ ṣe gbogbo ìtàn ni. Tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀. “A” ló pọ̀ lẹ́nu wọn. Muda Lawal, tó ti ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì kí òkìkí rẹ̀ tó kàn, ti kú láti 1991. Best Ogedegbe tó ṣọ́ ilé ní 1980 kú ní 2009. Chukwu náà lọ ní oṣù kẹrin 2025. Ẹgbẹ́ yẹn ń tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan, Alàgbà Ọdẹ́gbàmí ò sì jẹ́ kí orúkọ wọn parẹ́. Ní ìlú tí wọ́n ti máa ń pàtẹ́wọ́ fúnni lónìí kí wọ́n gbàgbé ẹni lọ́la, iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Nínú èyí tí àwa ti kà tá a sì ti gbọ́, ohun kan ṣọ̀wọ́n. Wọ́n máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì máa ń sọ ohun tó já sí: ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè, ipò eré ìdárayá, ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe. A mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu lásán: wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá sílẹ̀ ní Wasinmi, ní 2015 wọ́n tiẹ̀ sọ pé àwọn fẹ́ du ipò ààrẹ FIFA. Ṣùgbọ́n láàárín ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tó já sí, nǹkan kan wà: báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹni tó bá ti ṣe ìṣirò nílé ìwé mọ̀ ọ́n. Bí ìdáhùn ẹ bá tiẹ̀ tọ̀nà, tí o ò bá fi bó o ṣe rí i hàn, tíṣà á gé máàkì ẹ. A ti ní ìdáhùn: 3 sí òdo. Ìṣirò gan-an là ń wá.

Ẹ wo ẹnìkan tó ń fi tirẹ̀ hàn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù tiwọn, Cris Collinsworth fi ọdún mẹ́jọ, 1981 sí 1988, sáré létí pápá fún Cincinnati Bengals, tó ń gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ò jìnnà sí ti nọ́ńbà 7: dúró létí ìlà, tan ẹni tó ń ṣọ́ ẹ, kó o sì dé ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ ṣáájú rẹ̀. Láti 2009 ló ti ń sọ̀rọ̀ lórí ètò Sunday Night Football. Wọ́n á dá àwòrán padà, á ní ẹ wo èjìká eléyìí, ẹ wo ibi tó ti yí ìdí, ibẹ̀ ló ti jẹ ẹ́. Ó tún ní ìpín tó pọ̀ jù nínú Pro Football Focus, ilé iṣẹ́ tó ń fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní máàkì lórí gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀.

Ẹ lè ní kò dọ́gba, pé fídíò wà níwájú tiẹ̀. Òótọ́ ni. Ìwọ̀nba fídíò 1980 tí àwa rí wò kúrú, àwòrán rẹ̀ sì ti ṣú. Ṣebí ìdí tí ọ̀rọ̀ fi di kánjúkánjú gan-an nìyẹn. Àwa tá à ń kọ sọ́fútíwíà ní ìbẹ̀rù kan: nǹkan pàtàkì tó ní ẹ̀dà kan ṣoṣo. Bí ibi tí ẹ̀dà yẹn wà bá bàjẹ́, ó tán nìyẹn. Ohun tí Muda Lawal mọ̀ nípa àárín pápá ti bá a lọ. Ohun tí Alàgbà Ọdẹ́gbàmí mọ̀ nípa ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ṣì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ dé viewing center kan ní Mushin lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, kẹ́ ẹ gbọ́ bí àwọn ọmọkùnrin ṣe ń jiyàn. Wọ́n mọ ẹsẹ̀ tí Saka ń lò, wọ́n mọ ibi tó ti máa gé wọlé, Yorùbá pọ́ńbélé tó dà pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń ṣàlàyé ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dárúkọ Ọdẹ́gbàmí, wọ́n á ní, “Ha, Bàbá yẹn gbá bọ́ọ̀lù o!” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa parí sí. Sùúrùlérè tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ò sì jìnnà síbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n jogún, wọn ò jogún ẹ̀kọ́.

Àwọn kan á ní ohun tí ẹsẹ̀ mọ̀, ẹnu ò lè sọ ọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ẹnjiníà, tó ń jẹ́ Mathematical, tó sì ti fi ogójì ọdún sọ̀rọ̀, bí òun ò bá lè sọ ọ́, ta ló fẹ́ sọ ọ́?

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ la fẹ́ bẹ̀. Alàgbà, ilé iṣẹ́ rédíò wà lọ́wọ́ yín. Ẹ mú góòlù kan ṣoṣo, ti ìṣẹ́jú kejì yẹn, kẹ́ ẹ fún un ní wákàtí kan. Ta ló wà níwájú yín? Ibo lẹ kọ́kọ́ wò? Kí lẹ rí tí difẹ́ńdà yẹn ò rí? Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá náà, nítorí kọ́lọ́ọ̀mù yín, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ mú ìkejì. Àwa máa gbà á sílẹ̀, a máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ Mushin.