Àgọ́ Tí Òjò Lè Wọ̀

Káfíńtà ni mí ní Brooklyn. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìbàdàn kì í fẹ́ gbọ́ ọ rárá pé òrùlé tí òun kàn jò. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn Júù Borough Park àti Williamsburg a máa sanwó fún mi kí n bá wọn ṣe ohun tí òjò lè wọ̀. Kí n má purọ́, iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi ju kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná lọ.

Sukkot ni wọ́n ń múra fún, Àjọ Àgọ́ tí Léfítíkù orí 23 sọ nípa rẹ̀. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi ń jẹun nínú àgọ́, àwọn mìíràn a sì máa sùn níbẹ̀, ní ìrántí àgọ́ tí àwọn baba ńlá wọn gbé nínú aginjù lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní Íjíbítì. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Tishrei ló ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kẹwàá ni àwẹ̀ Yom Kippur. Àṣà wọn ni pé bí àwẹ̀ bá ti tán, kí wọ́n dáwọ́ lé àgọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oúnjẹ kan ẹnu ni yóò pè mí lóru pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láàárín, gbogbo àdúgbò ló sì ń dún fún òòlù.

Ògiri kì í ṣe wàhálà. Pákó ni o, tapólì ni o, ara ilé gan-an ni o, bí afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́ kò bá ti lè gbé e, òfin gbà á. Méjì tó pé àti díẹ̀ nínú ìkẹta ti tó. Kí ó ṣá ti ga tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́wàá, èyí tó tó nǹkan bí 80 sẹ̀ǹtímítà sí mítà kan. Àwọn rábì inú Talmud, ìwé òfin àtijọ́ wọn, tilẹ̀ jiyàn bóyá èèyàn lè fi ẹranko ṣe ògiri. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn kan ni pé ẹran náà lè kú. Wọ́n ní ti erin tí wọ́n so mọ́lẹ̀ kò la àríyànjiyàn lọ, nítorí bó bá tiẹ̀ kú, òkú rẹ̀ ga tó ohun tí òfin ń béèrè. Òkú àjànàkú tí à ń yọ ogbó sí nílé wa, àwọn ti rí ògiri nínú rẹ̀!

Orí òrùlé ni ẹjọ́ wà. Schach ni wọ́n ń pè é. Ohun tó hù láti inú ilẹ̀ ni, tí wọ́n ti gé kúrò nídìí. Kò gbọdọ̀ jẹ́ oúnjẹ, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ohun èlò. Ẹní tí wọ́n hun fún sísùn kò ṣeé lò, èyí tí wọ́n dìídì hun fún bíbo òrùlé ṣeé lò. Ẹní ọparun tí wọ́n ń tà níbí máa ń ní ìwé ẹ̀rí rábì lára, síbẹ̀ okùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò: bó bá jẹ́ ọ̀rá, mo dá a padà. Àgọ́ kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ igi tàbí lábẹ́ bákónì ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí bákónì àwọn ilé kan ní Williamsburg kò fi to léra wọn, tí ọ̀kan yà sọ́tùn-ún, tí èyí tó wà lókè rẹ̀ yà sósì. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ẹni tó ya ilé náà kò mọ ìlà í fà.

Òjìji gbọ́dọ̀ pọ̀ ju oòrùn lọ lábẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó dára kí èèyàn máa rí ìràwọ̀ láti inú rẹ̀ lálẹ́. Àárín méjèèjì yìí ni iṣẹ́ ọwọ́ wà. Ẹni tó bá ti bá àwọn àgbà fi imọ̀ ọ̀pẹ bo àtíbàbà ìyàwó rí ti mọ díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ti àtíbàbà, bó bá ti ṣíji, ó parí. Níbí, lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀ ni mo ń wò, n kì í wòkè. Bí ojú oòrùn tó kán sílẹ̀ bá pọ̀ ju òjìji lọ, mo sún ọparun mọ́ra. Bí ilẹ̀ bá ṣú jù, mo yọ ọ̀kan. Wọn kì í fẹ́ kí schach sinmi lórí irin, nítorí náà mo máa ń to igi tẹ́ẹ́rẹ́ sórí férémù kí ó lè gbà á. Ìṣó kò dé ibẹ̀.

Ògiri ló ń ṣáájú, òrùlé ló ń kẹ́yìn. Talmud gbà pé àgọ́ tí ẹni tí kì í ṣe Júù kọ́ bófin mu, bó bá jẹ́ pé tìtorí òjìji ló ṣe bo orí rẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ oníbàárà mi fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn tẹ́ schach. Èmi á dúró nídìí àkàbà, màá máa na ọparun sí bàbá arúgbó kan tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń pariwo yí ká, màá máa sọ pé, “Bàbá, ẹ rọra o.” N kò rí ilé mìíràn tí onílé ń fi ayọ̀ parí iṣẹ́ mọ́ káfíńtà lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí òjò bá dé ńkọ́? Mishnah, òfin àtijọ́ tí Talmud dúró lé, ní bí ó bá ti pọ̀ tó láti ba ọbẹ̀ jẹ́, kí èèyàn wọlé lọ. Àwọn Júù Lubavitch ti Crown Heights kì í wọlé ní tiwọn. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa jẹun lọ nínú òjò.

Lẹ́yìn àjọ̀dún, mo máa ń fi lẹ́ẹ̀dì kọ nọ́mbà sára pákó kọ̀ọ̀kan kí a tó kó o sí àjà ilẹ̀. Onílé tó bá kọ nọ́mbà tirẹ̀ dáadáa lè má nílò mi lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tí kò kọ ọ́, ó ní nọ́mbà fóònù mi.