Inú Rẹ̀ Nìyí, Ẹ̀yìn Rẹ̀ Nìyí

Bí wọ́n bá gé ẹṣẹ́ táírọ́ìdì pẹlẹbẹ, tí wọ́n pa á láró, tí wọ́n sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, oje ni ojú máa ń kọ́kọ́ rí. Àpò róbótó-róbótó ló kún ibẹ̀, ọ̀kan ń ti èkejì, oje kíki tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sì wà nínú olúkúlùkù. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á wo oje yìí tán, wọ́n á kọ orúkọ ẹṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n á bá tiwọn lọ. Àánú wọn a máa ṣe mí. Etí àpò náà ni iṣẹ́ wà, níbi tí ìlà sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ti tò yí oje ká láìfi àlàfo sílẹ̀.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì àpò yìí ní iwájú, wọ́n sì ní ẹ̀yìn. Iwájú wọn kọ sí oje, ẹ̀yìn wọn kọ sí òpójẹ̀ tín-ín-rín tó yí àpò ká. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń fa áyọ́dìn wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń kó o jọ títí yóò fi pọ̀ tó ìlọ́po 20 sí 40 èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. (Ẹnu ọ̀nà yìí náà ni ohun tí ara sọ oró inú ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ dáadáa dà ti máa ń bá áyọ́dìn du àyè. Ìdí nìyẹn tí gẹ̀gẹ̀ fi máa ń yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu níbi tí áyọ́dìn bá ti ṣọ̀wọ́n, tí irú ẹ̀gẹ́ bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ oúnjẹ òòjọ́.) Áyọ́dìn á gba inú sẹ́ẹ̀lì kọjá, á yọ níwájú, ibẹ̀ gan-an, ní bèbè oje, ni wọ́n á sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ purotéènì ńlá tó ń jẹ́ thyroglobulin.

Ibi tí wọ́n yàn yìí wù mí púpọ̀. Hydrogen peroxide ni wọ́n fi ń ṣe lílẹ̀ náà, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń fi fọ egbò, ó sì lè ba sẹ́ẹ̀lì tó ń lò ó jẹ́. Wọn kò gbé e wọ inú ilé. Ìta, létí oje, ni wọ́n ti ń lò ó. Nígbà tí àṣẹ bá dé láti ẹṣẹ́ pituitary, nísàlẹ̀ ọpọlọ, pé kí họ́mọ̀nù jáde, sẹ́ẹ̀lì á na apá sínú oje, á bù díẹ̀ wọlé, á lọ̀ ọ́, á tú họ́mọ̀nù sí òpójẹ̀ lẹ́yìn. Áyọ́dìn tí kò bá họ́mọ̀nù lọ kì í ṣòfò. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tún un lò. Ẹni tó bá wò wọ́n lásìkò iṣẹ́ á rí sẹ́ẹ̀lì tó ga, á sì rí i pé etí oje kò gún mọ́, ihò kéékèèké ló tò yí i ká níbi tí wọ́n ti ń bù ú. Lásìkò ìsinmi, wọ́n á rẹlẹ̀ pẹrẹsẹ. Ohun tó wà nípamọ́ nínú oje náà tó ara á lò fún oṣù 2 sí 3.

Ta ló wá ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé ibí ni iwájú, ọ̀hún ni ẹ̀yìn? Ní 1981, àwọn onímọ̀ kan ní Marseille, nílẹ̀ Faransé, tú sẹ́ẹ̀lì táírọ́ìdì ẹlẹ́dẹ̀ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì tẹ́ wọn sórí collagen, okùn purotéènì tí àwọn sẹ́ẹ̀lì fibroblast máa ń hun sáàárín àwọn àpò. Sẹ́ẹ̀lì náà tẹ́ rẹrẹ, wọ́n kọjú sókè. Nígbà tí wọ́n tún da collagen bò wọ́n lórí, wọ́n tún ara wọn tò, wọ́n di àpò, gbogbo wọn kọjú sínú. Bí wọ́n bá kàn ń léfòó nínú omi, tí wọn kò rí collagen fẹ̀yìn tì, àpò tí wọ́n ń dì a máa sódì bíi bùbá tí ènìyàn fi ìkánjú wọ̀: iwájú á wà níta, ẹ̀yìn á wà nínú. Fibroblast tó hun okùn yìí kì í pèsè họ́mọ̀nù táírọ́ìdì kankan, ìwé ilé-ìwé kì í sì í sábà dárúkọ rẹ̀.

Ti òpójẹ̀ tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹṣẹ́ tí kò ju nǹkan bíi gíráàmù 20 lọ lára àgbàlagbà yìí wà lára àwọn ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí jù nínú ara, bí a bá fi ìwọ̀n rẹ̀ ṣírò. Sẹ́ẹ̀lì àpò ló ń pe òpójẹ̀ wá. VEGF ni èròjà tí wọ́n ń tú síta láti fi pè é. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní Brussels gba VEGF lọ́wọ́ sẹ́ẹ̀lì táírọ́ìdì eku tó ṣì wà nínú oyún. Òpójẹ̀ ò wá tó bó ṣe yẹ, èyí kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn ò rí ara wọn tò di àpò bó ṣe tọ́ mọ́. Òpójẹ̀ tí wọ́n ní kó wá gbé ẹ̀jẹ̀ ń bá wọn ṣètò ilé pẹ̀lú.

Ìṣòro àìsí VEGF náà dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn nínú táírọ́ìdì, sẹ́ẹ̀lì C, tí iṣẹ́ tiwọn kò kan áyọ́dìn rárá: wọn ò dàgbà bó ṣe yẹ. Calcitonin ni sẹ́ẹ̀lì C ń ṣe, èyí tó ń mú kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Lára ẹyẹ àti ẹja, ẹṣẹ́ tiwọn lọ́tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Lára ẹranko afọ́mọlọ́mú, wọ́n máa ń kó wọ inú táírọ́ìdì nígbà oyún, wọ́n á sì há ara wọn sí ẹ̀yìn sẹ́ẹ̀lì àpò, lábẹ́ awọ kan náà tó yí àpò ká. Síbẹ̀ wọn kì í fara kan oje. Iṣẹ́ àrà tí Nicole Le Douarin, onímọ̀ nípa ọlẹ̀, fi àparò àti òròmọdìyẹ ṣe mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà fún ìgbà pípẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí iṣan-ìmọ̀lára ni tàwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú náà ti wá. Ti ẹyẹ nìyẹn. Ní 2015, ìwádìí lára eku fi hàn pé ibi tí ọ̀fun ti ń hù nínú ọlẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì C ti ṣẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi sẹ́ẹ̀lì àpò.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí sẹ́ẹ̀lì C nínú táírọ́ìdì ènìyàn, kó má lọ gé afárá àárín tàbí ìsàlẹ̀. Apá òkè sí àárín, ní ọ̀tún àti ní òsì, ni wọ́n pọ̀ sí, aró tó ń mú calcitonin ló sì yẹ kó fi pa á. Lábẹ́ aró lásán, a lè wò wọ́n títí kí ojú máà dá wọn mọ̀.