Ètò Ìnáwó àti Àtinúdá nínú Eré Orí Kọ̀ǹpútà: Àyẹ̀wò E.T. àti Stardew Valley

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé owó rẹpẹtẹ ló ń bí ojúlówó eré orí kọ̀ǹpútà. Àyẹ̀wò eré méjì fi hàn pé èrò yìí kù díẹ̀ káàtó.

Ní 1982, ilé-iṣẹ́ Atari ra àṣẹ láti sọ fíìmù E.T. di eré, àkọsílẹ̀ sọ pé owó náà tó mílíọ̀nù 20 dọ́là. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5 péré ni wọ́n fún Howard Scott Warshaw láti ṣe é, kí ó lè bá ọjà Kérésìmesì. Èyí ló bí eré tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ń já sí kòtò léraléra. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà rẹ̀ ni kò tà. Ní 1983, wọ́n ri díẹ̀ nínú wọn mọ́ ààtàn ní Alamogordo.

Ní ìdàkejì, Eric Barone nìkan ló ṣe Stardew Valley, eré iṣẹ́ àgbẹ̀ tó jáde ní 2016. Òun ló ya àwòrán rẹ̀, òun náà ló ṣe orin rẹ̀. Ó lò ju ọdún 4 lọ. Nígbà tó fi di 2022, ẹ̀dà rẹ̀ tó tà ti lé ní mílíọ̀nù 20.

Èyí kò sọ àìlówó di ohun àmúyangàn: ẹnìkan ní láti bọ́ Barone ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tí owó rà. Orúkọ ni Atari fi owó rà. Àkókò ni àtinúdá ń fẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.